Ọkọ̀ Àgbà, Ẹrù Oko àti Bátìrì: Ìtàn Iṣẹ́ Bátìrì Ṣájà ní Àwọn Abúlé Ìbàdàn

Iṣẹ́ bátìrì ṣájà ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi iná mànàmáná kún inú bátìrì mọ́tò tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń bá onímọ́tò wá ìdí tí ọkọ̀ rẹ̀ fi kọ̀ tí kò sítáàtì ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Àwọn tó kọ ìtàn ìrìnnà ní ilẹ̀ Yorùbá ti sọ púpọ̀ nípa àwọn ọlọ́lá tó kọ́kọ́ ra lọ́rì, nípa àwọn dẹ́rẹ́bà àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára ọkọ̀, àti nípa kòkó tí àwọn ọkọ̀ náà kó lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń mú kí ọkọ̀ àgbà ṣì lè gbéra. Àlàfo ńlá ni èyí jẹ́ nínú ìtàn, nítorí pé ní àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọkọ̀ tuntun kò fìgbà kan pọ̀. Ọkọ̀ tí ìgboro ti lò gbó ni oko máa ń jogún, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí kòkó, gààrí àti ẹ̀fọ́ ṣe ń dé Ìbàdàn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣáná sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ dé sí agbègbè yìí. Ó wọ Ìbàdàn ní 1901, nígbà tí wọ́n sì tẹ irin náà síwájú lọ sí Òṣogbo, ó gba Lálúpọn kọjá ní ilẹ̀ Lágelú. Ní 1906 ni ìjọba amúnisìn la ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀nà náà sì la ilẹ̀ Akínyẹlé já láti gúúsù dé àríwá. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò bíi Olóyè Sálámì Àgbájé, ẹni tó wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ Ìbàdàn tó kọ́kọ́ náwó sórí ọkọ̀ akẹ́rù, rí i pé ọkọ̀ lè dé ibi tí irin kò dé, àwọn alájàpá tó sì ti ń ru ẹrù lórí láti oko bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de lọ́rì ní etí títì.

Àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn kì í sábà gbára lé bátìrì kí wọ́n tó gbéra. Ford Model T, tí ilé iṣẹ́ Ford ṣe láti 1908 títí di 1927, ní ẹ̀rọ kan nínú tó ń dá iná fún ara rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, nítorí náà ohun tó kù ni kí ẹnì kan fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà. Irin kan tí wọ́n tẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ méjì ni wọ́n ń kì bọ ihò tó wà lábẹ́ imú ọkọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì dúró níwájú, á di irin náà mú, á fà á sókè pẹ̀lú agbára lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dì í mú ṣe pàtàkì gan-an: àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà ní ìhà kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kò gbọdọ̀ yí irin náà ká, nítorí pé bí iná bá jó nínú ẹ́ńjìnnì kí ó tó yẹ, ẹ́ńjìnnì á tapá sẹ́yìn, irin náà á sì ṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú bí ẹní di ọmọ odó mú. Irú ewu yìí ló mú kí Charles Kettering ní Amẹ́ríkà ṣe mọ́tò kékeré oníná tó ń yí ẹ́ńjìnnì, èyí tí ilé iṣẹ́ Cadillac fi sínú ọkọ̀ wọn ní 1912, tí àwọn mẹkáníìkì wa sì ń pè ní kíìkì-sítátà títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́rì tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ní ihò irin yẹn níwájú wọn títí wọ inú àwọn ọdún 1960, àwọn onílọ́rì oko sì lò ó ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé bátìrì wọ́n, apá ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì wà nílẹ̀.

Bí kíìkì-sítátà ṣe ń gba ipò irin yìí ni bátìrì ń di ọkàn ọkọ̀. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe irú bátìrì yìí ní 1859, tí Camille Faure, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, sì tún un ṣe ní 1881 nípa fífi àpòpọ̀ òjé lẹ ara péléètì òjé, kí ó lè gba iná púpọ̀ sí i. Òjé kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá, àwọn olórìṣà Ọbàtálá ti ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n inú bátìrì ló ti wá di ohun èlò iná. Bátìrì mọ́tò ní yàrá mẹ́fà, péléètì òjé wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ásíìdì, ìyẹn omi kíkan tó lè jó aṣọ àti awọ ara, sì bo àwọn péléètì náà mọ́lẹ̀. Yàrá kan ń mú nǹkan bíi fóòtì 2 wá, fóòtì sì ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí iná ṣe ń ti ara rẹ̀ lágbára tó, nítorí náà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di fóòtì 12. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn ní yàrá mẹ́ta péré, èyí tó jẹ́ fóòtì 6, lọ́rì ńlá sì máa ń so bátìrì méjì pọ̀ láti rí fóòtì 24. Bí bátìrì bá ń lo agbára rẹ̀, ohun funfun kan á máa lẹ̀ mọ́ péléètì, ásíìdì inú rẹ̀ á sì máa di omi lásán díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fi iná kún un, ohun funfun náà á yọ́ padà sínú omi. Bí bátìrì bá wà ní òfìfo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun funfun náà á le, iná kò sì ní lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Lórí kókó kékeré yìí ni gbogbo iṣẹ́ bátìrì ṣájà dúró lé.

Ọ̀nà oko ló kọ́kọ́ sọ bátìrì di ìṣòro ní etí Ìbàdàn. Bọ́lẹ̀kájà, ìyẹn ọkọ̀ tí àwọn káfíńtà fi pákó kan ilé lé lórí ẹsẹ̀ lọ́rì Bedford tàbí Austin, tí àwọn èrò ń gba ẹ̀yìn wọ̀ tí wọ́n sì ń kọjú sí ara wọn, ń lo dáínámò láti dá iná padà sínú bátìrì. Dáínámò jẹ́ ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n kì í mú iná gidi jáde àyàfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yára. Lọ́rì tó ń ra pálá nínú kòtò láti Bádékù wá sí Àkànrán, tó ń dúró gba ẹrù ní gbogbo ìyànà, tó tún tan iná iwájú rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, ń ná iná ju èyí tí dáínámò rẹ̀ ń dá padà lọ. Kòtò náà sì ń ṣe iṣẹ́ burúkú mìíràn, nítorí pé bí ọkọ̀ ṣe ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún ni àpòpọ̀ òjé ń re kúrò lára péléètì, tí ó ń ṣubú sí ìsàlẹ̀ bátìrì, títí tí òkìtì rẹ̀ á fi kan péléètì méjì pọ̀ tí yàrá náà á sì kú. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà ń jẹ àwọn ní owó. Nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà ní 1968 sí 1969, tí Àkànrán jẹ́ ọ̀kan lára ojúkò rẹ̀ tí Táfà Adéoyè sì wà lára àwọn aṣíwájú, owó orí ló gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀sùn wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó bàjẹ́ láti abúlé dé ìlú wà lára ohun tí wọ́n bínú sí pẹ̀lú.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń kọ ìtàn kòkó kì í sábà so mọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní ìhà Ìbàdàn, àrùn náà àti gígé tí ìjọba ń gé igi tó bá kó o sì mú kí ọ̀pọ̀ oko kòkó parẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ fi túbọ̀ yíjú sí ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ tí ìgboro tó ń gbòòrò ń fẹ́ jẹ. Kòkó gbígbẹ lè dúró nínú àpò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti tu kì í ju bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ẹ̀fọ́ ṣọkọ kì í sì í rí oòrùn ọ̀sán kó máà rọ. Nítorí náà, ọkọ̀ tó kọ̀ láti sítáàtì ní ìdájí, tó jẹ́ ìnira lásán ní àsìkò kòkó, di òfò gidi ní àsìkò oúnjẹ tútù. Ọjà náà tún dá kún un. Àwọn ọjà abúlé bíi ti Akínyẹlé jẹ́ ọjà tí wọ́n ń ná ní ìsán ìsán, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, ọkọ̀ tó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ló ń jáde ń fi bátìrì rẹ̀ sílẹ̀ láìṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ooru. Ooru ilẹ̀ wa ń mú omi inú bátìrì gbẹ, ó ń jẹ péléètì, ó sì ń mú kí iná máa jò lọ nínú bátìrì tó kàn wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ṣọ́ọ̀bù bátìrì ṣájà kò lè wà níbi tí iná mànàmáná kò sí, ibi tí iná dé ló sì pinnu bí iṣẹ́ náà ṣe tàn kálẹ̀. Ìgboro Ìbàdàn ló kọ́kọ́ rí iná. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ECN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1950, àti NEPA tó rọ́pò rẹ̀ ní 1972, ló ń na wáyà lọ sí àwọn ìlú etí títì díẹ̀díẹ̀. Fún ọdún púpọ̀, àwọn oníbátìrì wà ní ibi tí òpó iná ti parí, ní Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà fún àwọn ará Ìjàyè àti Ìrókò, ní ojú ọ̀nà Ìwó fún àwọn ará Lálúpọn àti Ẹ̀jìókù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń gbé bátìrì lé orí, tàbí wọ́n ń dè é mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, láti abúlé tí kò ní iná wá síbẹ̀. Ẹni tó bá mú bátìrì rẹ̀ wá lónìí á padà wá gbà á lọ́la, bí kò bá sì lè dúró, á yá bátìrì oníṣọ́ọ̀bù lò, á san owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Yíyá bátìrì yìí, tó dà bí ohun kékeré, ni ó mú kí ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ kò lè ra bátìrì tuntun máa jáde lọ́jọ́ ọjà.

Iṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ní ìlànà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń kọ́ fún ọdún mélòó kan kí ó tó gba fíríídọ̀mù. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ ẹ̀gbin tó wà lórí bátìrì, wọ́n á ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí afẹ́fẹ́ lè jáde, wọ́n á wo bóyá omi ti fà kọjá orí péléètì, bí ó bá sì ti fà, omi bátìrì, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ni wọ́n á bù sí i, wọn kì í bu ásíìdì. Bí wọ́n bá ní láti po ásíìdì tuntun, ásíìdì ni wọ́n ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé ásíìdì, yóò hó sí i lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á so àwọn bátìrì náà mọ́ ara wọn lórí pákó gígùn, orí pọ́síítíìfù ti èyí mọ́ orí nẹ́gétíìfù ti èkejì, títí dé ẹnu ẹ̀rọ ṣájà. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í kánjú. Bátìrì tó bá lè gba iná 60, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára rẹ̀, iná bíi 6 ni ó ń fún un ní wákàtí kan, nítorí náà ó ń gba òru mọ́jú. Iná tó bá pọ̀ jù á mú péléètì gbóná, á ká kò. Bí ó bá ti ń kún, omi inú rẹ̀ á máa hó wìnnìwìnnì, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ sì jẹ́ èyí tí iná sìgá kan ṣoṣo lè mú bú gbàmù, ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń lé àwọn amusìgá kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Háídírómítà, ìgò gbọọrọ tó ní ohun kan tó ń léfòó nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ń fa omi yàrá kọ̀ọ̀kan wò: bí ohun náà bá léfòó dé nǹkan bíi 1.270, yàrá náà ti kún. Bí ó bá rì sí 1.120, òfìfo ni. Bí yàrá márùn-ún bá kún tí ẹ̀kẹfà kò kún, ọ̀gá ti mọ̀ pé owó oníbàárà kò gbọdọ̀ ṣòfò lórí ṣájì mọ́, nítorí pé yàrá kan ti kú.

Ní ayé àtijọ́, yàrá kan tó kú kò túmọ̀ sí pé bátìrì ti tán. Rọ́bà líle ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀, ọ̀dà dúdú ni wọ́n sì fi dí ojú rẹ̀, nítorí náà ọ̀gá lè fi irin gbígbóná yọ́ ọ̀dà náà, kí ó fa péléètì yàrá tó kú yọ, kí ó fi òmíràn tí wọ́n yọ láti inú bátìrì mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí ó sì tún dí i. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni iṣẹ́ yìí, ó sì ń mú kí ọjọ́ ayé bátìrì gùn dáadáa. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ike lẹ àpótí bátìrì pọ̀ láti àwọn ọdún 1970, tí èyí tí kò ní ìdérí rárá sì dé lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní drai-sẹ́ẹ̀lì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ásíìdì wà nínú rẹ̀, ìmọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àtijọ́. Àdánù gidi ni, nítorí pé ohun tí wọ́n ti ń tún ṣe tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń jù nù.

Ṣùgbọ́n bátìrì nìkan kọ́ ni í mú kí ọkọ̀ kọ̀, ibi tí ọgbọ́n àwọn bátìrì ṣájà àti ti ríwáyà, ìyẹn àwọn tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ti hàn jù lọ ni wíwá ibi tí àìsàn wà láìsí mítà lọ́wọ́. Etí ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ó sì ń dún tá-tá-tá kíákíá, iná kò tó: yálà bátìrì ti rọ, tàbí orí rẹ̀ kò mú wáyà dáadáa. Bí ó bá dún ẹyọ kan, tá, tí ó sì dákẹ́, bátìrì lè máà jẹ̀bi, kí ó jẹ́ pé kíìkì-sítátà fúnra rẹ̀ ni èédú inú rẹ̀ tó ń gbé iná ti jẹ tán. Nígbà náà ni ẹnì kan á fi sípánà gbá ara kíìkì-sítátà náà jẹ́jẹ́ bí ẹlòmíràn ti ń yí kọ́kọ́rọ́, kí èédú náà lè kan ara irin lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ọkọ̀ sì lè dé ìlú. Bí ó bá ń yí fìn-ín láìgbé ẹ́ńjìnnì, eyín rẹ̀ ni kò wọ eyín ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn etí ni ojú. Wọ́n á tan iná iwájú, wọ́n á ní kí dẹ́rẹ́bà sítáàtì: bí iná náà bá ṣókùnkùn pátápátá, bátìrì tàbí orí rẹ̀ ni wọ́n á mú, bí ó bá mọ́lẹ̀ kedere tí ohunkóhun kò sì mì, iná kò dé ọ̀dọ̀ kíìkì-sítátà ni.

Ọwọ́ ló kẹ́yìn, ó sì máa ń rí ohun tí ojú kò rí. Bí wọ́n bá ti gbìyànjú láti sítáàtì, ọ̀gá á fi ọwọ́ kan orí bátìrì àti wáyà ńlá, nítorí pé ibi tó bá gbóná ni iná ti ń há. Nínú ọkọ̀ tó ti gbó, ibi tí ó sábà máa ń há sí ni wáyà tó so nẹ́gétíìfù mọ́ ara ọkọ̀, tí ìpẹtà ti jẹ ibi tí wọ́n so ó mọ́; ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló ti ra bátìrì tuntun méjì nígbà tó jẹ́ pé síso wáyà kan láti orí nẹ́gétíìfù tààrà mọ́ ara ẹ́ńjìnnì ni ìwòsàn rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lálẹ́ tí bátìrì sì kú ní àárọ̀, wọ́n á yọ wáyà nẹ́gétíìfù, wọ́n á rọra fi kan orí bátìrì bí kọ́kọ́rọ́ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀: bí iná kékeré bá ta, ohun kan nínú ọkọ̀ ń mu iná lóru, wọ́n á sì máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí iná náà kò fi ní ta mọ́. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí péye ju bí àwọn tó ń fojú kéré iṣẹ́ yìí ti rò lọ, mítà tó dé nígbà tó yá sì kàn fi nọ́ńbà ti ohun tí wọ́n ti mọ̀ lẹ́yìn ni.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ìyàtọ̀ kan láàárín ibí àti òkè òkun. Ọkọ̀ Volkswagen oníbọ́ọ̀sì, tí Èkó àti Ìbàdàn mọ̀ sí dáńfó, àti ọkọ̀ Bedford kékeré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1969, ni àwọn ará Yúróòpù sọ di ilé alágbèérìn tí wọ́n ń gbé lọ ìsinmi, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀rọ ìdáná nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ní bátìrì méjì, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, èkejì fún iná inú ilé, ìṣòro tó sì wọ́pọ̀ nínú àwọn tó ti gbó lára wọn ni pé wọ́n ń dúró síbi kan ní gbogbo ìgbà òtútù tí bátìrì wọn á fi kú. Ní abúlé Ìbàdàn, bátìrì kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, tí tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun tó ń lo fóòtì 12 sì wọ́pọ̀ nígbà tó yá, àwọn ilé tí kò ní iná NEPA ń fi bátìrì mọ́tò wò ó, wọ́n sì ń gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣájà bí wọ́n ṣe ń gbé ti ọkọ̀ lọ. Dẹ́rẹ́bà tó bá tú bátìrì rẹ̀ wọlé lálẹ́ fún àwọn ará ilé, òun náà ni yóò pe àwọn aládùúgbò jáde ní ìdájí pé kí wọ́n bá òun ti ọkọ̀.

Ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, tí náírà fi rẹlẹ̀, ló yí gbogbo èyí padà. Ọkọ̀ tuntun láti ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lò ní òkè òkun, sì kún ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ wọ̀nyí ní ọ́tánétọ̀ dípò dáínámò, èyí tó ń dá iná padà kódà bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, nítorí náà ìyà ọ̀nà oko dínkù lórí bátìrì. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọlọ́tòmátíìkì, èyí tí jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, tí títì kò sì lè mú sítáàtì bí ó ti wù kí ènìyàn tó ń tì í pọ̀ tó. Níbi yìí ni agbára apá ti dópin, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fi bọ́ sọ́wọ́ ríwáyà àti bátìrì ṣájà pátápátá. Ọkọ̀ Micra kékeré tí ó wá gba iṣẹ́ takisí Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń kó àpò gààrí sínú bùùtù rẹ̀ láti Ẹ̀rúnmu àti Ìyànà-Ọ̀fà, ló ń gbé iṣẹ́ wá fún wọn jù, Gate ní Ìbàdàn, níbi tí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ wà, ni wọ́n sì ń lọ ra ọ́tánétọ̀ àlòkù.

Ojú kan wà nínú ìtàn yìí tó dunni, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Òjé ni májèlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní aláìléwu, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Ní Olódó, ní ilẹ̀ Ẹgbẹ́dá, wọ́n da pàǹtí tó ṣẹ́kù lára òjé tí wọ́n yọ́ fún ṣíṣe bátìrì mọ́tò sílẹ̀ nítòsí ibi tí ènìyàn ń gbé, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Òṣíbànjọ wà lára wọn, sì tẹ ìwádìí jáde ní 2009 tó fi hàn pé òjé inú ilẹ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ fíìfíì. Ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ hàn ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí ọmọdé 18 ti kú láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 nítorí pé wọ́n ń fọ́ bátìrì àlòkù, tí wọ́n sì ń jọ òjé nínú erùpẹ̀ rẹ̀ ní àdúgbò wọn. Ìwọ̀n ti ṣọ́ọ̀bù etí títì kéré sí èyí, ṣùgbọ́n ásíìdì tí wọ́n ń dà sílẹ̀ kí wọ́n tó ta bátìrì tó ti kú fún àwọn tó ń fi kílò rà á ní òjé nínú, ilẹ̀ tí wọ́n sì ń dà á sí ni àwọn ọmọ ọ̀gá ń ṣeré lé. Àwọn ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún mú kí oúnjẹ dé Ìbàdàn kò yẹ ní ẹni tí wọ́n kò ní dá lẹ́kọ̀ọ́ lórí èyí, ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sì lè ṣe é láìná owó púpọ̀: àgbá oníke fún ásíìdì, omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, àti aṣọ iṣẹ́ tí kò ní bá ọ̀gá wọlé.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣì ń yí padà. Láti 2013 ni ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, IBEDC, ti gba iná agbègbè yìí lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n iná kò tíì dúró ṣinṣin, fún ọdún púpọ̀ sì ni àwọn oníṣájà fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, owó epo ọjọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó ṣájì ọjọ́ kan lọ, àwọn kan sì gbé páńẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná oòrùn sórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù wọn. Bátìrì ilé tó ń bá páńẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́ ti ń wá sọ́dọ̀ wọn báyìí pẹ̀lú àìsàn kan náà tí bátìrì lọ́rì ń gbé wá ní 1960, ohun funfun tó ti le lára péléètì, omi tó ti fà, wáyà tí kò mú dáadáa, wọ́n sì ń fi etí, ojú àti ọwọ́ kan náà wò ó kí wọ́n tó gbé mítà. Ní Mọ́níyà àti ní Àkànrán, ẹnì kan náà lè máa tú kíìkì-sítátà Micra ní òwúrọ̀, kí ó sì máa so bátìrì sóólà fún ilé ìtajà oògùn ní ìrọ̀lẹ́.